Kí Ẹnìkan Nílé Mọ Ibi Tí A Lọ

Àwọn ọ̀dọ́ Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ní Alímọ̀ṣọ́, nílùú Èkó, tó fẹ́ fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ wo ọ̀dàn Old Oyo National Park níhà Òkè-Ògùn ń ṣe ohun tó dára. Ẹfọ̀n àti ìgalà wà níbẹ̀, àwókù Ọ̀yọ́-Ilé tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830 sì wà ní apá àríwá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ bá gbọ́ ìmúrasílẹ̀, ẹrù ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn: omi, tọ́ọ̀ṣì, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, epo ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ. Lójú tèmi, bébà kan tí a fi sílẹ̀ nílé ju gbogbo wọn lọ: orúkọ àwọn tó ń lọ, nọ́ńbà ọkọ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọlé, ọjọ́ àti aago tí wọn yóò jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà ọ́fíìsì ọgbà náà ní Ìsokùn, nílùú Ọ̀yọ́.

Ẹ wo bí ilẹ̀ náà ti fẹ̀ tó. Kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512 ni, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ní Alímọ̀ṣọ́, bí ọkọ̀ bá kú, èrò á pé lé e. Bí àìsàn bá dé lójijì, ọsibítù ìjọba wà ní Ìgándò. Nínú ọ̀dàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè pòórá pátápátá. Bí paramọ́lẹ̀ bá bu ẹnìkan jẹ, kò sí gbẹ́rẹ́ tàbí okùn tí a lè fi gbà á là. Abẹ́rẹ́ apa-oró-ejò nílé ìwòsàn ni, wákàtí tó bá sì ṣòfò kò ṣeé rà padà.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ ìjọba ni, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé láìmú ọ̀kan nínú wọn dání. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wá ẹni tí kò mọ̀ pé ó wọlé. Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní ẹni tó bá ń sọ ibi tó ń lọ ń ta ara rẹ̀ fún ajínigbé. Ìbẹ̀rù yẹn nídìí, kò sì yẹ kí a gbé ìrìnàjò náà sórí Facebook kí a tó padà délé. Àmọ́ ohun tí a kò sọ lójú ọjà kọ́ ló yẹ ká fi pamọ́ fún ìyá ẹni. Ẹnìkan tí kì í ṣe olófòófó ti tó, òun ni yóò pe ọ́fíìsì bí aago tí a dá bá kọjá. Ìbẹ̀rù yẹn kan náà ló yẹ kó mú wa pe àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà ṣáájú, ká béèrè bí ọ̀nà àti ààbò ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ní ká má wá, ká jókòó. Ẹ̀yin òbí, ẹ gba bébà náà lọ́wọ́ ọmọ yín kí ẹ tó fún un lówó ọkọ̀.