Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Ẹ má ra Enterprise torí orúkọ

Kò sí ẹni tó dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀ láti máa kọ ètò kọ̀ǹpútà fáwọn èèyàn tí kò ní í dé ibi tí yóò ti jókòó ti ìwé ìnáwó rẹ̀, tí yóò máa ro èyí tó yẹ kó mú nínú Visual Studio tí Microsoft ń tà. Mẹ́ta ló wà ńlẹ̀. Community kò gba kọ́bọ̀, Professional gba owó, Enterprise sì gba owó gọbọi. Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ sí gbèsè ni pé wọ́n gbọ́ orúkọ Enterprise, wọ́n sì rò pé ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun tóbi kò gbọdọ̀ lo òmíràn. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó ná. Fún ẹni tó bá ń san án lóṣooṣù, dọ́là 45 ni Microsoft ń gbà lórí Professional fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń lò ó, dọ́là 250 sì ni ti Enterprise. Iléeṣẹ́ tó ní èèyàn márùn-ún tó ń kọ ètò yóò san dọ́là 2,700 lọ́dún kan lórí Professional. Bó bá jẹ́ Enterprise ló mú, ó di dọ́là 15,000. Dọ́là 12,300 ló wà láàárín méjèèjì. Ká má sì gbàgbé ohun tójú náírà rí. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báǹkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá náírà 1,500. Ẹni tí oníbàárà ń fi náírà sanwó fún mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Kí ni owó tabua yìí wá rà? Èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò nínú Professional náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ nínú Enterprise. Ẹni tó ní ilé ìtajà oògùn tó ra ètò náà kò lè mọ èyí tí wọ́n fi ṣe é. Ohun tí Enterprise fi lé e ni irinṣẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ńlá. IntelliTrace ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe, kí wọ́n lè padà wo ibi tó ti daṣẹ́ sílẹ̀. Live Unit Testing ń dán iṣẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ. Níbi tí ogójì èèyàn ti jọ ń fọwọ́ kan ètò kan ṣoṣo, tí ìdádúró wákàtí kan lè kó òfò bá báǹkì, owó náà kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan, tí wọ́n lè yíjú síra wọn béèrè ọ̀rọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Èyí kò ní ká sáré bọ́ sínú ọ̀fẹ́ láìwo ẹ̀yìn wò o. Community, tó jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2014, gbà kí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ lò ó, kó sì ta ohun tó bá ṣe. Ó gbà fún iléeṣẹ́ kékeré náà, bí àwọn tó ń lò ó kò bá ti ju márùn-ún lọ. Iléeṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ju 250 lọ, tàbí tó ń pa ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kọ ètò tirẹ̀. Ibi tí pàkúté wà nìyí: òfin náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ irú iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré, tó gba iṣẹ́ láti kọ ètò fún báǹkì, kò gbọdọ̀ fi Community ṣe é. Kó fi owó Professional kún iye tí yóò dá fún báǹkì.

Ayédèrú ńkọ́? Ẹni tó ń ta ètò tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tó wá ń lo ohun tí wọ́n jí, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé ara rẹ̀ ni. Òfin Copyright Act tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023 ń dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà. Bí oníbàárà ńlá bá sì ní kó mú ìwé àṣẹ wá, kí ni yóò fi hàn?

Nítorí náà, kí olówò ka orí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó wo ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, kó sì bi wọ́n léèrè ohun tó ń gba àkókò wọn jù. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe tó ń fara pa mọ́ ni, kó fi Enterprise dánra wò fún ìgbà tí Microsoft fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá wúlò lóòótọ́, kì í ṣe dandan kó rà á fún gbogbo wọn. Ẹnì kan lè lo Enterprise, kí àwọn yòókù máa lo Professional. Owó tó bá kù lápò, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni, owó díísù jẹnẹrétọ̀ sì ni pẹ̀lú.