Ta Ló Ń Jẹ Epo Inú Jíìpù Rẹ?

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti dúró níbi ìbúra rẹ̀ ní Àbújá tí ó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sí ilé onímọ́tò kan láti Èkó Àkéte títí dé Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀ tí wọn kì í ti í ṣírò owó epo kí wọn tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀. Nítorí epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba nígbà náà ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn wọ eegun, àwọn tí igbe wọn ròkè jù ni àwọn tí ó ní jíìpù kékeré, irú Toyota RAV4, Honda CR-V àti Subaru Forester tí ó gba ojú òkun wá láti Amẹ́ríkà ní tòkunbọ̀. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fi kan ọkọ̀ náà: pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, pé òun ló ń jẹ owó wọn run. Èmi kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí mo ń sọ ni pé olè kékeré ni wọ́n dì mú, olè ńlá ń yan fanda nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ ọkọ̀ náà kí a tó dájọ́. Nínú jíìpù tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì, ọ̀pá irin gígùn kan tí ń jẹ́ propẹ́là gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí ó ti ń bá difarẹ́ńṣà pàdé, kí èyí lè pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ní ti ọ̀pọ̀ RAV4 àti CR-V, bí ojú ọ̀nà bá gbẹ tí ó sì tẹ́, táyà iwájú ló ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ìgbà tí iwájú bá ń yọ̀ ni a ń pe ẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n ní ti Subaru, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́, òjò ìbáà rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà mú. Ohun tí ń gba epo níbẹ̀ ni ìwúwo irin tí a fi kún ọkọ̀, àti ọ̀pá pẹ̀lú eyín irin tí ń yí nínú ọ́ìlì, yálà iṣẹ́ wà fún wọn tàbí kò sí.

Èló wá ni gbogbo rẹ̀? Ní ti RAV4 ọdún 2008 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, ìwọ̀n tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká, fi lélẹ̀ ni máìlì 22 fún jálá kan bí ó bá jẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì, àti máìlì 23 bí ó bá jẹ́ pé táyà iwájú nìkan ló ń fà. Jálá ti Amẹ́ríkà kò tó lítà mẹ́rin. Bí a bá sì yí i sí ìwọ̀n tiwa, nǹkan bí lítà 10.7 ni ti àkọ́kọ́ yóò jẹ láti rin kìlómítà 100, ti èkejì yóò sì jẹ 10.2. Ẹni tí ó bá ń fi fọ́ọ̀-wíìlì rin kìlómítà 15,000 lọ́dún yóò ra epo tó nǹkan bí lítà 75 ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Bí a bá ka lítà kan sí 1,000 náírà, 75,000 náírà nìyẹn ní oṣù méjìlá gbáko. Owó ni, n kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ epo àjẹjù, tí ó wá ń ṣépè fún fọ́ọ̀-wíìlì, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Ẹni tí kò tí ì rà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: bí ó bá jẹ́ pé láti Bódìjà sí Dùgbẹ̀ ni o ń lọ tí o ń bọ̀, tí ọ̀dà wà lójú títì rẹ, kí ni o fẹ́ fi propẹ́là ṣe? Ra èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà. Ṣùgbọ́n bí o bá ní oko ní Òkè-Ògùn, tàbí tí o jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà tí a rán lọ sí abúlé tí amọ̀ ọ̀nà rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá lójò, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ epo dẹ́rù bà ọ́. Níwọ̀n bí irú méjèèjì ti jọra lóde bí ìbejì, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o wo abẹ́ ọkọ̀ kí o tó sanwó. Ẹni tí owó rẹ̀ bá sì gòkè lè wo RAV4 alápapọ̀ iná àti epo ti ọdún 2019: mọ́tò iná ló ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní propẹ́là rárá, máìlì 40 ni EPA sì kọ fún un, èyí tí kò tó lítà mẹ́fà fún kìlómítà 100.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a fa olè ńlá jáde. Èkíní ni ẹsẹ̀ awakọ̀. Iléeṣẹ́ ètò agbára ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ pé ìwakọ̀ ìjà, ìyẹn ni kí a máa tẹ eré lójijì kí a sì tún máa gbá bíréèkì, ń dín ìrìn tí epo lè mú ọkọ̀ rìn kù láti ìdá 15 dé ìdá 30 nínú 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀, àti láti ìdá 10 dé ìdá 40 nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Bí a bá mú èyí tí ó kéré lójú márosẹ̀, ó ti ju ìlọ́po mẹ́ta lítà 75 tí a ń torí rẹ̀ pariwo lọ! Eré tí ó bá sì ti kọjá kìlómítà 80 ní wákàtí, afẹ́fẹ́ ni ó ń bá ọkọ̀ jìjàkadì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá eré àsápajúdé ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ẹ tún gbé kárià tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀ sórí ọkọ̀, epo ni ẹ fi ń tọrẹ fún afẹ́fẹ́.

Olè kejì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù, ni àtúnṣe tí ń ba nǹkan jẹ́. N kò bú àwọn mẹkáníìkì, ọmọ Ògún ni wọ́n, àwọn tí ó mọṣẹ́ nínú wọn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n àṣà kan ti wọ inú iṣẹ́ náà, pé bí ọkọ̀ tòkunbọ̀ bá ti dé, wọn a yọ tẹmosítáàtì rẹ̀ sọnù, wọn a ní àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀ nítorí òtútù, pé oòrùn tiwa ti tó. Tẹmosítáàtì ni oníbodè omi ẹ́ńjìnnì: ó ń sé ọ̀nà mọ́ omi tí ń lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó ìwọ̀n 80 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ni yóò ṣílẹ̀kùn. Oòrùn Èkó tí ń mú wa láàgùn, nǹkan bí 33 ni. Kò tó ìdajì ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́. Bí a bá yọ oníbodè kúrò, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, yóò sì máa da epo sí i ju bí ó ti yẹ lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ẹ́ńjìnnì tí ń tàn níwájú awakọ̀, èyí tí àwọn kan fi bébà bò kí ojú wọn má baà rí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìnnì, tí ń gbọ́ òórùn èéfín tí ó sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí epo ṣe yẹ kó wọlé tó, ni ó ti kú. Iléeṣẹ́ ètò agbára Amẹ́ríkà kan náà sọ pé títún irú àléébù bẹ́ẹ̀ ṣe lè mú kí ìrìn tí epo ń gbé ọkọ̀ rìn sunwọ̀n sí i tó ìdá 40 nínú 100. (Ẹ kíyè sí i pé pípààrọ̀ filítà afẹ́fẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń sáré ṣe, kì í fi bẹ́ẹ̀ dín epo kù nínú ọkọ̀ òde òní, ó dára fún eré ẹ́ńjìnnì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.)

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí òun bá ọ yọ propẹ́là nítorí àtidín epo kù, má ṣe gbà fún un, pàápàá bí ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ Subaru, nítorí gíà lè ti ibẹ̀ bàjẹ́. Subaru kan náà kò fẹ́ kí táyà tuntun mẹ́ta máa bá ògbólógbòó kan rìn. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí a sì fi afẹ́fẹ́ sí wọn dé ibi tí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ sọ. Lọ bá mẹkáníìkì rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí o bi í bí tẹmosítáàtì ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ. Bí kò bá sí, ní kí ó dá a padà síbẹ̀ kí o tó tún ra epo mìíràn.