Ilé Kan, Éjẹ́ǹtì Mẹ́ta: Ta Ló Jẹ Gbèsè?

Lọ́tẹ̀ yìí, a kò fẹ́ sọ̀rọ̀ àmì ohùn, a kò sì fẹ́ jiyàn lórí ewì. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbà la gbé wá. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ìlárá-Mọ̀kín tí kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní, àwa gan-an sì jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pín wa fún TP, ọ̀kan nínú wa bọ́ sí Ìgbárá-Òkè, ọ̀kan bọ́ sí Ìlárá, ẹnì kẹta bọ́ sí apá Àkúrẹ́. A ní kí a kúkú jọ gba yàrá kan sí Ìlárá, kí oníkálukú máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. A rò pé ilé yóò pọ̀ nílẹ̀ bí ewé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Yunifásítì Elizade ti dé ìlú náà ní 2012, kì í ṣe ọmọ ìlú nìkan ló ń wá ilé níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe éjẹ́ǹtì mú wa lọ wo yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, sẹ́ẹ̀fù-kọ̀n tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń lé kiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú wa débẹ̀, owó ara rẹ̀ ló sì fi san ọ̀kadà. Bàbá onílé fẹ́ gba ₦150,000 lọ́dún. Àwa ná an ní ₦120,000. Ẹ̀gbọ́n ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá, kí a fún òun ní ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ méjì kò tíì pé tí éjẹ́ǹtì mìíràn fi pè wá. Títí di òní, a kò mọ ẹni tó fún un ní nọ́ńbà wa. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ ń wá ilé. Ẹ má wulẹ̀ dúró de ẹni yẹn o, kò mọ Bàbá dáadáa. Ọwọ́ èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Màá bá yín gbà á ní ₦110,000." Inú wa dùn. A kò pe ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́ láti sọ fún un. Nígbà tí òun pè wá, a wo fóònù títí tó fi dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà. Ká ní a tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́, tí Bàbá sì gbà, owó ilé á jẹ́ ₦120,000. Owó éjẹ́ǹtì àti owó àdéhùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá mẹ́wàá, á jẹ́ ₦24,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦144,000. Lọ́dọ̀ éjẹ́ǹtì kejì, a san ₦110,000, a san ₦20,000 fún éjẹ́ǹtì àti àdéhùn pọ̀, ó wá ku ọ̀la tí a ó kó wọlé, ó ní owó àtúnṣe kan wà, ₦15,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦145,000. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Lẹ́yìn gbogbo ọgbọ́n wa, ẹgbẹ̀rún kan náírà la fi lé e.

Kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kejì tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tí a máa ń bá pàdé nídìí ẹ̀rọ omi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yàrá yín yẹn, èmi náà fẹ́ gbà á. ₦140,000 ni mo ní kí màmá tó ń ṣe éjẹ́ǹtì fún mi bá mi ná an. Wọ́n ní wọ́n ti gbà á." Nígbà tí a lọ kí Bàbá onílé, a fọgbọ́n béèrè. Bàbá kò gbọ́ nǹkan kan nípa nọ́ọ̀sì. Màmá yẹn ti gbé ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, onítọ̀hún sì gbé e mì, nítorí pé bí ilé bá gba ọwọ́ màmá kọjá, òun yóò pín owó éjẹ́ǹtì. Ní ti ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́, wọ́n sọ fún Bàbá pé àwọn tó mú wá ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Àwọn wo? Àwa náà ni!

Bàbá pàdánù ₦30,000. Nọ́ọ̀sì pàdánù ilé. Ẹ̀gbọ́n pàdánù owó iṣẹ́ àti owó ọ̀kadà. Àwa san ẹgbẹ̀rún kan lé. Ẹnì kan ṣoṣo ló jèrè.

Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ráhùn nípa éjẹ́ǹtì, owó tí wọ́n ń gbà la sábà máa ń kígbe lé lórí. Ní Aúlẹ̀, ní Àpatàpìtì lẹ́bàá FUTA, àti ní Oǹdó níbi tí àwọn ọmọ Adéyẹmí àti ti UNIMED ń wá ilé, orin kan náà ni. A kò sọ pé owó náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ gan-an ni bí àwọn éjẹ́ǹtì ṣe ń ṣe sí ara wọn. Bí éjẹ́ǹtì kan kò bá lè fọkàn tán èkejì rẹ̀, yóò fi òótọ́ pamọ́ fún un. Òótọ́ tó sì fi pamọ́ fún un, ó ti fi pamọ́ fún onílé àti ayálégbé náà nìyẹn.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń lo ẹni àárín. Nínú ètò ìgbéyàwó àtijọ́, alárenà wà. Òun ló ń lọ, òun ló ń bọ̀, òun ló ń gbọ́ tẹbí ọkọ, tó ń gbọ́ tẹbí ìyàwó. Ohun tí wọ́n bá rán an ló gbọdọ̀ jẹ́. Kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti yan èyí tí ẹbí yóò gbọ́. Àwọn àgbà náà ló sọ pé bí ojú bá ti mọ ojú tán, alárenà á yẹ̀ba. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, ohun tó ń ba éjẹ́ǹtì lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó ń bẹ̀rù pé bí Bàbá bá ti rí wa, tàbí bí éjẹ́ǹtì mìíràn bá ti mọ̀ wá, wọn yóò ní kí òun yẹ̀ba láìgba kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi fún wa ní nọ́ńbà onílé. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ pé ilé ti lọ nígbà tí ilé kò tíì lọ. Ẹ̀rù ló ń bí irọ́ náà. Ohun tó sì lè lé ẹ̀rù náà lọ ni kí gbogbo wọn mọ̀ dájú pé ẹnikẹ́ni kò ní jẹ oúnjẹ ẹnìkejì.

Ẹ lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹ wo àwọn ìyá wa. Bí oníbàárà bá ń ná ata lọ́wọ́ ìyá kan, ìyá tó jókòó tì í kì í pè é. Ó lè fẹ́ràn owó tó ibi tó bá fẹ́, yóò ní sùúrù títí oníbàárà yóò fi kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo tí yóò gbọ́ lọ́jọ́ náà kò ní kéré. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ òfin yìí. Ojú tí wọ́n jọ ń rí lójoojúmọ́ ló ń ṣọ́ ọ.

Níbòmíràn, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti wà láti 1991 pé éjẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn ta ilé gbọdọ̀ tètè fi gbogbo iye tí wọ́n bá ná ilé náà tó onílé létí, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kì í ṣe èyí tó wu éjẹ́ǹtì nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn Realtor ti ní ìwé ìlànà ìwà láti 1913. Lára ohun tó wà níbẹ̀ lónìí ni pé kí éjẹ́ǹtì má ṣe yọ ọwọ́ sí iṣẹ́ tí onílé ti fà lé éjẹ́ǹtì mìíràn nìkan lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹgbẹ́ àwọn estate surveyor, NIESV, ti wà láti 1969, òfin tó dá àjọ ESVARBON sílẹ̀ sì jẹ́ ti 1975. Èkó ti dá LASRERA sílẹ̀ láti mójú tó iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó gbé wa lórí ọ̀kadà ní Ìlárá kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ohun tó fi di éjẹ́ǹtì ni pé ó mọ ilé tó ṣófo, ó sì ní fóònù. Irú wọn ló sì ń bá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa wá ilé.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ilé kò ní orúkọ éjẹ́ǹtì kankan lára, ẹni tó bá yá ni yóò mú un. Wọ́n á ní ìdíje ló ń mú kí owó ilé wálẹ̀. Ebi ń pa èèyàn, ta ló ń ro ti ọmọlúàbí? Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bí éjẹ́ǹtì kejì bá rí ilé tó dára ju èyí lọ fún wa, tàbí tó bá dín owó iṣẹ́ tirẹ̀ kù, ìdíje nìyẹn, a ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni. Ohun tó fi borí ni pé ó ba orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́, ó sì gbé iye tí ẹlòmíràn ná ilé mì. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kì í mú owó wálẹ̀. Owó àtúnṣe ló ń bí.

Kí la wá fẹ́? Ohun mẹ́ta péré. Èkíní, kí éjẹ́ǹtì tó kọ́kọ́ mú ayálégbé dé ilé kan ní ìpín nínú owó iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Èkejì, kí iye tí ẹnikẹ́ni bá ná ilé dé etí onílé, kódà bó jẹ́ éjẹ́ǹtì mìíràn ló mú un wá. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan ti tó, ẹ̀rí á sì wà. Ẹ̀kẹta kan àwa ayálégbé. Bí ẹnì kan bá ti mú wa wo ilé, kí a sọ fún ẹni tó bá tún pè wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni éjẹ́ǹtì rere gbọdọ̀ bi wá: "Ta ló kọ́kọ́ mú yín débẹ̀?" Bí kò bá bi wá, kí àwa fúnra wa sọ ọ́.

A kò sọ èyí bí ẹni tó wà lókèèrè. Ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ èyí ti ń ṣe éjẹ́ǹtì báyìí, bí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣe ń ṣe é láti fi ran ara yín lọ́wọ́. Lóṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan pè é nípa yàrá tí éjẹ́ǹtì mìíràn ti mú un wò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó pe éjẹ́ǹtì náà, wọ́n sì pín owó náà sí méjì. Ìdajì ló gbà. Kò tíì sí ẹ̀san kankan tó padà wá bá a títí di òní, a kò sì ṣèlérí pé yóò wá.

Ká tó kúrò ní Ìlárá, a wá ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́ lọ. A bẹ̀ ẹ́, a sì gbé owó sílẹ̀. Owó ọ̀kadà rẹ̀ nìkan ló mú níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni." A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nínú wa. Àwa la wo fóònù tó ń dún tí a kò gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé fún sáà tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù. Bó bá jẹ́ "Ẹ má bínú, a ti rí òmíràn" lẹ ní láti sọ, ẹ sọ ọ́. Ire o.