Lẹ́yìn Ìdúpẹ́: Ọ̀ràn Ọmọ Tí Ó Yè Nínú Àrùn Kókó Ọpọlọ

Bí ọmọ tí kókó hù sí nínú ọpọlọ bá ti ilé ìwòsàn dé láàyè, àwọn òbí rẹ̀ a wọ aṣọ funfun, wọn a sì jó lọ sí iwájú pẹpẹ. Ìdúpẹ́ tọ́, ó sì yẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ni káàdì ilé ìwòsàn ń lọ sí ìsàlẹ̀ àpótí, tí gbogbo ilé sì ń wí pé ọ̀ràn ti parí. Kò tíì parí.

Ní ọdún 1962 ni Dókítà Látúndé Odeku, ẹni tí a bí ní Awẹ́, tí ó sì kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn. Ní ọdún 2019 a ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní LUTH, Ìdí-Àrabà. Nítorí náà àwọn ọmọ tí ikú ì bá mú lọ ń yè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wo kókó náà sàn lè fi àpá sílẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ṣì ń dàgbà, ìtànṣán tí a fi jó kókó sì lè kan ibi tí ó yè kooro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Òun ni ó ń pàṣẹ fún ìdàgbàsókè ara. Bí ó bá bàjẹ́, ọmọ náà lè dúró sí ojú kan láìga sí i, tàbí kí ó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Oògùn tí a ń pè ní cisplatin lè mú kí etí wúwo. Òmíràn nínú ìpalára wọ̀nyí kì í hàn títí ọdún púpọ̀ yóò fi kọjá.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn ti kan ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó ti ń kàwé ketekete rí, nísinsìnyí ó ń pẹ́ kí ó tó da ọ̀rọ̀ ojú pátákó kọ. Olùkọ́ a pè é ní ọ̀lẹ, a sì nà án. Àwọn ará agboolé a ní ayé ni ó mú un. Ọpọlọ tí ó farapa ni ó ń rìn jẹ́jẹ́, ẹgba kò sì lè mú un yára. Ìjókòó ní iwájú, àkókò púpọ̀ sí i nígbà ìdánwò, iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan: kò sí èyí tí ń gba owó nínú wọn, àní lọ́wọ́ olùkọ́ tí ọgọ́ta ọmọ wà níwájú rẹ̀.

Ìyá tí ń tajà ní Sandgrouse mọ iye tí òun ń pàdánù ní ọjọ́ tí òun bá mú ọmọ lọ sí Ìdí-Àrabà. Kò yẹ kí a bá a wí bí ó bá fi àyẹ̀wò falẹ̀. Ìjọ tí ó bá a jó ni kí ó bá a san owó ọkọ̀. Kí a dín ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́ ọjọ́ ìdúpẹ́ kù, kí a sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù pamọ́ fún ìrìn náà, nítorí bí àyẹ̀wò bá tètè rí àbùkù, oògùn wà fún òmíràn, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sì wà fún etí. Kí òbí sì bẹ dókítà kí ó kọ orúkọ gbogbo oògùn àti iye ìtànṣán tí ọmọ gbà sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé náà pọ̀ mọ́ ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Dókítà tí yóò béèrè rẹ̀ ní ogún ọdún sí i lè má jẹ́ ẹni kan náà.