Ọkọ̀ Olówó Ńlá: Ẹ Kọ́ Èdè Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wà Á

Láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́, láti Pọ́bẹ̀ dé Kétu, títí lọ dé Ṣábẹ̀ẹ́, ojú ti mọ́ àwọn Mercedes, Lexus àti Land Cruiser tó ń dán lójú títì. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni wọ́n; wọ́n ti sin olówó wọn àkọ́kọ́ ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu. Àwọn oníṣòwò wa ló ń rà wọ́n, àwọn tó fi ẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n gun zẹ́mì, kí Ọlọ́run tó bá wọn ṣe é. A kò jowú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹun.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó tán. Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n á gba ìwé, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí iná pupa níwájú awakọ̀ túmọ̀ sí, ọdún tí wọ́n ṣe táyà, tàbí ibi tó yẹ kí ọmọdé jókòó sí. Ìwé ìlò tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ ti sọnù, tàbí kó jẹ́ èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èrò tiwa ni pé ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìkọ́ ìlò rẹ̀, ìdajì ọkọ̀ ló rà. Ìdajì tó kù, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀mí, ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Nígbà ayé Peugeot 404 àti 504, etí ni mẹkáníìkì fi ń wá àrùn ọkọ̀. Bó bá ti gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ọkọ̀, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún. Ọkọ̀ òde òní kì í sábà pariwo. Kọ̀ǹpútà kéékèèké ló kún inú rẹ̀, iná ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀. Èdè iná yìí kò le. Pupa ń sọ pé ewu dé, kí ẹ wá ibi tó dára kí ẹ dúró. Àwọ̀ ìyeyè ń sọ pé nǹkan kan kò lọ déédéé, kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò láìpẹ́. Àwọ̀ ewé tàbí búlúù kàn ń sọ fún yín pé nǹkan kan wà ní títàn ni, bí iná iwájú. Bí àwòrán agolo òróró bá tàn ní pupa, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé ilé. Ẹ́ńjìnnì tí òróró kò yí ká nínú rẹ̀ lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ti ooru bá tàn, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ó tutù dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀, nítorí omi gbígbóná tó wà níbẹ̀ lè bó èèyàn lójú.

Ṣùgbọ́n àpò afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní airbag, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. Ó wà nínú sítíárìn, ó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó sì lè wà nínú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó pàápàá. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti wú. Òun àti bẹ́líìtì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá de bẹ́líìtì, àpò náà lè ṣe é léṣe dípò kó gbà á. Bí ẹ bá tan ọkọ̀, iná àpò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì kú. Bí kò bá kú, àpò náà lè má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìjàǹbá. Bí kò bá tilẹ̀ tàn rárá, ẹ fura. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti forí sọ nǹkan rí lókè òkun, kí àpò rẹ̀ ti bú, kí ẹnìkan sì ti dọ́gbọ́n pa iná náà kí oníbàárà má bàa mọ̀. Àyẹ̀wò yìí kò ná yín ní fàráńkì kan. Ẹ ṣe é kí ẹ tó ka owó sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Takata tún wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Jàpáàn yìí ló ṣe àpò afẹ́fẹ́ nígbà kan rí fún Toyota, Lexus, Honda, BMW, Mercedes àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Kẹ́míkà tó ń mú púpọ̀ nínú àwọn àpò náà wú máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá wá bú, irin tó yí i ká á fọ́, á sì ta sára èèyàn bí ọta ìbọn. Àwọn èèyàn ti kú nípa rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú àpò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀, ní 2017 ni ilé iṣẹ́ náà sì kéde pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ẹ rò ó wò: ooru àti ọ̀rinrin! Kí ló tún pọ̀ tó o létí òkun tiwa yìí?

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà àti òǹkà 17, tí ẹ máa rí lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀ àti nínú carte grise. Bí ọkọ̀ náà bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ tẹ nọ́ńbà yìí sí ojúewé nhtsa.gov lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, yóò sì sọ fún yín bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe. Ọmọ yín tó mọ fóònù lò lè bá yín ṣe é kí ẹ tó mu omi tán. Bí ó bá jẹ́ pé Yúróòpù ló ti wá, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Àṣà kan wà láàárín wa tí a gbọ́dọ̀ sọ. Nítorí kí ìjókòó má bàa dọ̀tí, a ń fi rọ́bà ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, tàbí kí a rán aṣọ líle bò ó. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó náà. Bí wọ́n bá kọ AIRBAG sí i, ohun tí ẹ fi bò ó lè dí àpò inú rẹ̀ lọ́nà lọ́jọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? A máa ń rí ìyá tó gbé ìkókó sẹ́sẹ̀ níwájú ọkọ̀ ńlá, tí inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yìn ni ààyè ọmọdé. Àpò tí wọ́n ṣe láti gba àgbàlagbà lè pa ìkókó. Àwọn irin kékeré kan wà láàárín ìjókòó ẹ̀yìn, tí wọ́n kọ ISOFIX sí lára, ibẹ̀ ni wọ́n ń so àga ọmọdé mọ́. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ní ìdè kékeré létí rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ọmọ ṣí i láti inú. Ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ títì nínú oòrùn, kódà bí ẹ bá fẹ́ ra búrẹ́dì lásán. Ooru inú ọkọ̀ lè fi nǹkan bíi ìwọ̀n 10 lé sí i láàárín ìṣẹ́jú 10.

Ẹ jẹ́ ká wo táyà. Táyà lè ní eyín dáadáa kó sì ti gbó. Lára rẹ̀ ni wọ́n kọ DOT sí, òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn sì ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Mercedes sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ táyà lẹ́yìn ọdún 6, bó ti wù kó rẹwà tó. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà lórí ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ìlẹ̀kùn awakọ̀ tàbí ìdérí ibi tí à ń rọ epo sí. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná. Láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́ lé ní kìlómítà 200. Ọkọ̀ wíwúwo tó ń sáré lórí táyà tó rọ̀ ń tọrọ ìjàǹbá ni.

Àwọn ohun ìgbádùn ọkọ̀ náà fẹ́ àmójútó. Àwọn Mercedes ńlá kan àti Range Rover wà tí afẹ́fẹ́ gbé dúró dípò sípíríǹgì. Bí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ rí i pé igun ọkọ̀ kan ti rì, rọ́bà afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ ń jò ni. Bí ẹ bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jóná, ìnáwó kan á sì di méjì. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kọ́kọ́rọ́ tí kì í wọ ihò náà ní bátìrì pẹlẹbẹ nínú. Bí ó bá kú lóru, ẹ má ṣe fọ́ gíláàsì: kọ́kọ́rọ́ irin kan sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tí ẹ lè fà yọ láti ṣí ìlẹ̀kùn. Nínú Toyota àti Lexus, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ náà kan bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan ọkọ̀, yóò jẹ́.

Ní ti ohun mímu ọkọ̀, a mọ̀ pé kpayo wà ní ìkọ̀rọ̀ gbogbo, a sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì òde òní ń fi ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ mu epo. Ìdọ̀tí tí Peugeot àtijọ́ gbé mì láìwúkọ́ lè dí i pa. Omi kànga kì í ṣe omi rédíétọ̀, ó ń dá ìpẹtà sílẹ̀. Òróró bíréèkì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Mercedes ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Kì í ṣe gbogbo òróró ẹ́ńjìnnì ló sì bá gbogbo ẹ́ńjìnnì mu. Èyí tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni kí ẹ rà.

Àwọn kan yóò ní, "Ìwé ìlò ti sọnù, mo sì ní awakọ̀ tó mọ iṣẹ́." Ìwé náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè Faransé fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Awakọ̀ tó sì mọ̀ ọ́n wà, inú rẹ̀ yóò dùn láti mọ̀ sí i. Àwọn mìíràn máa ń sanwó kí mẹkáníìkì pa iná tó ń tàn. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí kí ọmọ sáré wá sọ pé iná ń jó ilé, kí bàbá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Iná ti kú, àrùn ṣì wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ta ọkọ̀ ní Kútọnu, ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan fún oníbàárà yín kí ẹ fi ìlò ọkọ̀ hàn án. Ọjà yín ni ẹ ń gbé lárugẹ. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ béèrè fún wákàtí náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì mú mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dání. Ẹ̀yin ọ̀gá gááràjì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín kọ́ ẹ̀rọ yẹn, nítorí etí nìkan kò tó mọ́. Ẹ̀yin rédíò wa tó ń sọ̀rọ̀ ní Nàgó, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ ṣàlàyé iná ọkọ̀ àti ọjọ́ orí táyà ní èdè tí ìyá ọlọ́jà máa gbọ́. Ìyá ọlọ́jà ló ń sanwó ọkọ̀ náà, ọmọ rẹ̀ ló sì ń jókòó sínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó ti fi òógùn ojú ra ọkọ̀, kó fi ìmọ̀ díẹ̀ kún un, kí ọkọ̀ náà lè gbé òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ lọ, kó sì gbé wọn bọ̀.