Èkúté Inú Àgò àti Àrùn Lupus

Àwọn kan a máa wí pé, kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú èkúté tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń sìn nínú àgò? Ó kàn wá, nítorí pé Ìbàdàn ni ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi èkúté náà wádìí ti jáde.

Àrùn lupus ni a ń wí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ni wọ́n ń yíjú padà tí wọ́n ń bá ara jà. Àwọn obìnrin ni ó ń mú jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì lè sú bí ìyẹ́ apá labalábá. Oòrùn a máa ru ú sókè. Bí ó bá wọ kíndìnrín, ó lè pa ènìyàn.

Ní 1968, Dókítà Brian Greenwood, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní UCH, Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé nínú àwọn aláìsàn tí a dá dúró níbẹ̀ láti 1957 sí 1966, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000, 104 péré ni ó ní irú àwọn àrùn báyìí. Ó rò pé ibà àti àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé inú ara wa ni ó fà á. Ní 1970, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù kó ibà èkúté ran irú èkúté kan láti New Zealand, èyí tí a bí àrùn tí ó jọ lupus mọ́. Àrùn kíndìnrín wọn sì dínkù. Ta ni ìbá gbà kí a dán irú èyí wò lára ọmọ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n èkúté kì í ṣe ènìyàn. Ibà ṣì ń pa àwọn ọmọ wa; kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìwádìí yìí ká àwọ̀n ẹ̀fọn kúrò lórí ibùsùn. Bẹ́ẹ̀ ni "kò wọ́pọ̀" kò gbọdọ̀ di "kò sí" lẹ́nu wa. Ní 2009, àwọn dókítà Adelowo àti Oguntona kọ̀wé nípa aláìsàn lupus 66 ní Nàìjíríà. Obìnrin tí ń ta ẹja nínú oòrùn ní etí òkun Eleko, tí ojú rẹ̀ sú, tí oríkèé ń ro ó, lè máa ra ọṣẹ àti ìpara kiri, kí àwọn ará ilé sì máa wí pé iṣẹ́ ayé ni, nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọ dókítà lọ, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń béèrè ọ̀nà ọlọ́dà (ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀), ẹ béèrè owó ìwádìí pẹ̀lú. Èkúté ìwádìí ń fẹ́ iná tí kì í kú, oúnjẹ tí ó pé, àti olùtọ́jú tí kò ní fìyà jẹ ẹ́ lásán. Àwọn onímọ̀ wà ní yunifásítì Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìbò wa, kí ó sọ iye tí yóò yà sọ́tọ̀ fún wọn.