Bí Ọ̀gá Bá Ń Yọ Ọmọ Iṣẹ́ Lẹ́nu, Ta Ni Yóò Sọ Fún?



Láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Pobè dé Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó ń kọ́ aṣọ rírán tàbí irun ṣíṣe, tí àwọn mìíràn sì ń bá ènìyàn tajà nínú ìsọ̀. Ọ̀gá kan, ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá náà bá wá ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin níbi tí kò yẹ, tí ó ń ní kí ó dúró nígbà tí àwọn yòókù bá lọ, tí ó sì ń fi ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ dẹ́rù bà á, ta ni ọmọ náà yóò fẹjọ́ sùn? Níbi iṣẹ́ ńlá, ọ̀gá ní ọ̀gá. Níhìn-ín, ẹni tí à bá fẹjọ́ sùn náà ni ó ṣẹ̀. Ewúrẹ́ kò lè ro ẹjọ́ ẹkùn fún ẹkùn. Nítorí náà, ìta ni kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Òfin wà lórí rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀, ìwé tàbí ìhalẹ̀ wá ìbálòpọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí onítọ̀hún kò fẹ́. Òfin ti ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2021 tún le sí i. Àdéhùn 190 tí àjọ àgbáyé fún iṣẹ́ ṣe ní Geneva ní ọdún 2019 sì ka ọmọ iṣẹ́ mọ́ àwọn tí ó yẹ kí a dáàbò bò.

Kí ni kí ọmọbìnrin náà ṣe?

Èkíní, kí ó sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an: ìyá, ẹ̀gbọ́n, tàbí àgbà obìnrin tí kò bẹ̀rù ọ̀gá náà. Ẹni tí ó gbọ́ yóò di ẹlẹ́rìí.

Èkejì, kí ó kọ ọjọ́, wákàtí àti ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ sílẹ̀. Bí kò bá mọ̀wé, kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lórí tẹlifóònù, kí ó má ṣe torí ìtìjú pa á rẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí ó fara balẹ̀ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti àwọn tí ó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìparí iṣẹ́. Ó lè má jẹ́ òun nìkan. Ohùn méjì lágbára ju ọ̀kan lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí òun àti ẹni tí ó fọkàn tán lọ sí Guichet unique de protection sociale, èyí tí a ń pè ní Centre de promotion sociale tẹ́lẹ̀, tàbí sí kọmísáríà àwọn ọlọ́pàá. Institut National de la Femme, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Kutọnu ní ọdún 2021, lè bá a dúró níwájú adájọ́.

Bí ọ̀gá bá ti fi ipá bá a lò pọ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, lọ́jọ́ náà. Oògùn tí ń dènà kòkòrò éèdì kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó ku ẹ̀yin òbí. A mọ̀ pé owó iṣẹ́ tí ẹ san ń dùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wí fún ọmọ pé: «Fara dà á, ó ku ọdún kan.» Ẹ má ṣe bi í léèrè irú aṣọ tí ó wọ̀. Ẹ má sì ṣe bá ọ̀gá jókòó, kí ẹ gba owó ẹ̀bẹ̀, kí ẹ tún dá ọmọ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjà ni àgbà ń parí nílé. Èyí kì í ṣe ìjà. Ẹ bẹ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kí wọ́n bá a wá ọ̀gá mìíràn, kí ọdún tí ó ti lò má ṣe ṣòfò.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í sọ̀rọ̀ nílé tí wọn kì í ti í gbọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa gbọ́.